Wọ́n Fún Ọ Lẹ́ṣin, Ta Ni Yóò Wá Koríko?

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ níbi ìpàdé ìparí ọdún ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àwọn oníṣòwò kan ní Ìbàdàn nìyí. Mo ti tún un tò díẹ̀ kó lè ṣeé kà.

Alága, ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ọ̀dọ́, mo kí yín o. Akọ̀wé yín ló wá bá mi nílé pé kí n wá sọ̀rọ̀ lórí owó. Mo bi í pé apá ibo nínú owó. Ó ní èyíkéyìí tó bá wù mí. Ìgbà tó dìde tó fẹ́ máa lọ ló wá ń fi ayọ̀ sọ fún mi pé ẹ máa ta ráfù lọ́jọ́ ìpàdé, àti pé kẹ̀kẹ́ Márúwá tuntun ni ẹ̀bùn àkọ́kọ́. Mo ní ó dáa, mo ti rí ọ̀rọ̀ sọ. Mo sì rí kẹ̀kẹ́ náà lójúde bí mo ṣe ń wọlé. Ó rẹwà lóòótọ́. Wọ́n so rìbọ́n pupa mọ́ ọn níwájú bí ìgbà tí wọ́n wé gèlè fún ìyàwó.

Ilé ara mi ni n ó ti bẹ̀rẹ̀. Ní bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, kí n tó fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ ìṣirò owó, ilé-iṣẹ́ kan pè mí lórí fóònù pé mo jẹ fíríísà nínú próòmò wọn. Kì í ṣe èyí tó kéré o. Irú èyí tí àwọn ẹlẹ́ja ń lò ni, tó gùn bíi pósí. Inú mi dùn débi pé mo jó lójú àwọn ọmọ ọ́fíìsì mi. Wọ́n ní kí n wá gbà á ní Ìkẹjà lọ́jọ́bọ̀, aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Ẹ̀yin ará Ìbàdàn mọ ohun tí aago mẹ́sàn-án Ìkẹjà jẹ́: mo ní láti lọ sùn sílé àbúrò mi ní Ògbà láti alẹ́ ọjọ́rùú. Èèyàn kì í sì í lọ sílé àbúrò lọ́wọ́ òfo.

Nígbà tí a débẹ̀, wọ́n wọ ṣẹ́ẹ̀tì àti fìlà wọn fún wa, wọ́n ní ká dúró de àwọn tó máa ya fọ́tò. Aago kan kọjá kí wọ́n tó dé. Lẹ́yìn tí mo ti rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń dùn mí, mo bi ọmọbìnrin tó ń darí wa pé ìgbà wo ni mọ́tò tí yóò gbé fíríísà wa máa lọ. Ó wò mí bí ẹni tí mo sọ èdè Lárúbáwá sí. Ó ní, "Mà, ẹ̀yin lẹ máa gbé e."

Bí mo ṣe san owó ọkọ̀ akẹ́rù nìyẹn, mo san ti alábàárù ní Ìkẹjà, mo san ti alábàárù ní Ìbàdàn. A dé ẹnu ọ̀nà, fíríísà kò wọlé. Káfíńtà yọ férémù ilẹ̀kùn, ó sì gba owó lẹ́ẹ̀mejì, ìgbà tó yọ ọ́ àti ìgbà tó dá a padà. Iná àdúgbò wa kò lágbára, mo ra stabilizer. Ara mítà wa ni mo ti wá mọ̀ pé ohun tó wọlé tọ̀ wá kì í ṣe ẹranko kékeré; owó tó ń bá wa lo oṣù kan tẹ́lẹ̀ kò lo ọ̀sẹ̀ méjì mọ́. Gbogbo àdúgbò sì gbọ́. Ẹni tó fẹ́ ṣe ìkómọ, ẹran rẹ̀ dọ̀dọ̀ mi. Ẹni tó ra ẹja páálí kan, ọ̀dọ̀ mi. Nígbà tó di oṣù kẹjọ, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kọṣẹ́. Mo mú ìwé ìdánilójú tí wọ́n fún mi jáde, ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé kí n gbé fíríísà náà padà wá sí Ìkẹjà.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa kọ owó sílẹ̀, nítorí náà mo kọ gbogbo rẹ̀. Owó tí mo ná sórí fíríísà ọ̀fẹ́ yẹn ju ìdajì iye tí wọ́n ń tà á lọ́jà lọ. Bí mo bá sì fẹ́ ra fíríísà fúnra mi, kékeré ni mo máa rà, ìsàlẹ̀ àdúgbò wa ni mo sì ti máa rà á.

Ilé-iṣẹ́ náà kò rẹ́ mi jẹ o. Ohun tí wọ́n ṣèlérí ni wọ́n fún mi. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí níbẹ̀ ni pé ẹni tó ń fúnni lẹ́bùn ní ìṣirò tirẹ̀. Ó fẹ́ ẹ̀bùn tó tóbi, tó ń dán, tó máa hàn dáadáa nínú fọ́tò. Ẹni tó ń gbà á kò sí nínú ìṣirò yẹn. Ẹ̀bùn tó bá ẹnu ọ̀nà mi mu kì í hàn nínú fọ́tò.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Amẹ́ríkà, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀ lójú gbogbo ayé. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹsàn-án ọdún 2004, obìnrin atọ́kùn tẹlifíṣọ̀n tí gbogbo wa mọ̀, Oprah Winfrey, fún gbogbo èèyàn 276 tó jókòó wòran nínú sítúdíò rẹ̀ ní mọ́tò Pontiac G6 tuntun, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Iye ọ̀kan lé ní dọ́là 28,000. Àwọn èèyàn ń sunkún, wọ́n ń fò sókè, àwọn kan ń di ara wọn mú kí wọ́n má ṣubú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni mọ̀lẹ́bí tàbí ọ̀rẹ́ ti kọ̀wé nípa wọn tẹ́lẹ̀ pé ọkọ̀ ni wọ́n nílò jù láyé. Kì í ṣe Oprah ló fi owó ara rẹ̀ rà wọ́n. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà ló kó wọn sílẹ̀, nítorí mọ́tò tuntun tí wọ́n fẹ́ kí gbogbo Amẹ́ríkà mọ̀ ni. Ilé-iṣẹ́ yẹn tún san owó orí ọjà àti owó ìwé ọkọ̀.

Ó ku owó orí kan tí kò sẹ́ni tó san fún wọn. Lábẹ́ òfin Amẹ́ríkà, ẹ̀bùn ìdíje tàbí ti orí tẹlifíṣọ̀n kò yàtọ̀ sí owó oṣù. Iye rẹ̀ ni wọ́n máa kà mọ́ owó tó wọlé fún ọ lọ́dún yẹn, wọ́n á sì gba owó orí lórí àpapọ̀ rẹ̀. Ẹni tó wà ní ipele tí wọ́n ti ń gba dọ́là 25 nínú 100, mọ́tò dọ́là 28,000 sọ ọ́ di onígbèsè dọ́là 7,000. Owó ni ìjọba sì ń fẹ́, wọn kì í gba táyà. Àwọn olóríire náà wá ní ọ̀nà mẹ́ta: kí wọ́n wá 7,000 náà, kí wọ́n ta mọ́tò náà kí wọ́n fi san án, tàbí kí wọ́n dá a padà. Ẹ ro ó wò. Ẹni tí kò rówó ra mọ́tò ni wọ́n fún ní mọ́tò, ẹni náà ni wọ́n tún ń bi léèrè owó tó tó ra tòkunbọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dun èmi oníṣirò jù rèé. Iye tí wọ́n máa ń kọ ránṣẹ́ sí ìjọba sábà máa ń jẹ́ iye tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọkọ̀ nínú ilé ìtajà. Ṣùgbọ́n bí o bá wa ọkọ̀ náà jáde tí o sì fẹ́ tà á lọ́la, ta ni yóò fún ọ ní iye yẹn? Tòkunbọ̀ ló ti dà, bí kò tilẹ̀ tíì rin máìlì kan. O ń san owó orí lórí 28,000, ọjà ń bá ọ dúnàádúrà lórí iye tó kéré sí i. Òfin gbà pé o lè gbé ẹ̀rí wá láti fi hàn pé iye tí wọ́n kọ ti pọ̀ jù, ṣùgbọ́n mélòó nínú àwọn tó ń sunkún ayọ̀ yẹn ló mọ̀? Nígbà tó sì di ọdún 2009, General Motors kéde pé àwọn ò ní ṣe Pontiac mọ́.

Ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ òyìnbó nìyẹn. Àwọn ọmọ wa kún Houston, wọ́n kún Maryland ní Amẹ́ríkà níbẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì wọn sì ń ta ráfù. Ká ní ẹnì kan ra tíkẹ́ẹ̀tì dọ́là 100, ó wá jẹ mọ́tò dọ́là 30,000. Nítorí pé èrè rẹ̀ lé ní 5,000, ìwọ̀n 24 nínú 100 ni ẹgbẹ́ tó ta ráfù náà gbọ́dọ̀ rí gbà sílẹ̀ fún ìjọba. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀: yọ 100 kúrò nínú 30,000, ìdá 24 nínú 100 lórí 29,900 jẹ́ dọ́là 7,176. Ó ní láti san án kí kọ́kọ́rọ́ tó bọ́ sí i lọ́wọ́, àfi bí ẹgbẹ́ bá san án fún un. Bàbá kan tó jẹ́ díákónì níbẹ̀ ló kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Ó ní ọjọ́ tí wọ́n ń fa ráfù ni ọ̀pọ̀ wọn tó gbọ́ òfin náà, orin ìdúpẹ́ sì ti bẹ̀rẹ̀.

Àwọn ará Amẹ́ríkà tilẹ̀ kì í fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ọdún 1986 tí Wọlé Ṣóyínká wa gba ẹ̀bùn Nobel, ọdún yẹn gan-an ni wọ́n ṣe òfin pé kí àwọn ará ilẹ̀ wọn tó bá gba irú rẹ̀ máa san owó orí lórí rẹ̀, àfi bí wọ́n bá gbé e fún ẹgbẹ́ aláàánú. Góòlù Olympics náà wà níbẹ̀ títí di ọdún 2016 tí wọ́n tó tú u sílẹ̀ fún àwọn tí owó wọn kò ju mílíọ̀nù dọ́là kan lọ lọ́dún.

Ní tiwa, òfin owó orí tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà ọdún 2025, tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2026, ti dárúkọ ẹ̀bùn àti owó tí èèyàn jẹ mọ́ ohun tó lè mú owó orí wá. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn tẹ́tẹ́ Baba Ìjẹ̀bú àti ẹ̀yin ọmọ tó fẹ́ lọ sí ìdíje Big Brother, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Òfin náà kò fọwọ́ kan ₦800,000 àkọ́kọ́ lọ́dún. Lórí ₦2,200,000 tó tẹ̀lé e, ìdá 15 nínú 100. Lórí mílíọ̀nù mẹ́sàn-án tó tún tẹ̀lé e, ìdá 18, lẹ́yìn rẹ̀ ìdá 21, bẹ́ẹ̀ ló ń gòkè títí dé 25. Ká mú oníṣòwò kan tó ń rí mílíọ̀nù mẹ́ta lọ́dún. Owó orí rẹ̀, láì tíì yọ àwọn nǹkan tí òfin gbà kí a yọ, jẹ́ ₦330,000. Ó wá jẹ mọ́tò mílíọ̀nù mẹ́wàá. Bí wọ́n bá ka iye mọ́tò yẹn mọ́ owó tó wọlé fún un, owó orí tó gorí ti tẹ́lẹ̀ jẹ́ ₦1,830,000. Mọ́tò náà kò mú náírà kan wọlé o. Ó kàn dúró sí ojúde ni.

(Níbí yìí ni ọ̀dọ́kùnrin kan lẹ́yìn ti pariwo pé, "Ẹ tà á!" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Mo ní òun ló gbọ́n jù nínú yàrá yìí, ṣùgbọ́n kó dúró ná.)

Ẹ rántí ọdún 2012? Ilé-iṣẹ́ MTN gbé próòmò kan jáde tí wọ́n pè ní Ultimate Wonder. Ẹ̀bùn tó ga jù níbẹ̀ ni bàálù. Bàálù gidi o, Cessna 182T, èèyàn mẹ́rin ni í gbà. Ọmọ ilẹ̀ wa kan ló jẹ ẹ́. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kọ́ ni mo fẹ́ sọ, ti bàálù náà ni. Níbo lo fẹ́ gbé e sí? Kò sí onílé tí yóò gbà kí o gbé e sí kọ́ńpáùndì. Pápákọ̀ òfurufú ni yóò sùn, ibùsùn ibẹ̀ kì í sì í ṣe ọ̀fẹ́. Epo tó ń mu kì í ṣe bẹntiróòlù àwọn onímọ́tò, kì í ṣe èyí tí àwọn bàálù ńláńlá ń mu pàápàá. AvGas ni wọ́n ń pè é, kò sì sí ní gbogbo pápákọ̀ wa. O ní láti fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ NCAA, àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ òfurufú, kí wọ́n tó kọ 5N, àmì bàálù Nàìjíríà, sí i lára. Onímọ̀ ẹ̀rọ tó ní ìwé àṣẹ gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún. Ta ni yóò wà á? Ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ti ṣe é, wákàtí 40 lójú ọ̀run ló kéré jù kí wọ́n tó fún èèyàn ní ìwé àṣẹ láti máa wa irú bàálù kékeré bẹ́ẹ̀. Bí o kò bá kọ́ ọ, wàá gba awakọ̀ òfurufú síṣẹ́. Ẹni tó fi káàdì fóònù jẹ bàálù, ó di ọ̀gá tó ń sanwó oṣù.

Nígbà kan rí, ọba lè bínú fún ìjòyè ní ẹṣin mẹ́ta, kó máa wo bí yóò ṣe bọ́ wọn. Àwàdà ni mo ń ṣe o, ẹ má lọ sọ láàfin pé èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí wọ́n ti fi oyè dá lọ́lá rí nínú yàrá yìí mọ ohun tí mo ń sọ. Mo rí Olóyè tó ń mi orí yẹn.

Ti ilé ńkọ́? Ètò tẹlifíṣọ̀n kan wà ní Amẹ́ríkà láti ọdún 2003, Extreme Makeover: Home Edition, tí wọ́n ti ń wó ilé ìdílé tálákà, wọ́n á sì kọ́ ààfin síbẹ̀ láàárín ọjọ́ méje. Owó orí ilé máa ń bá ìtóbi ilé lọ, owó iná náà bẹ́ẹ̀. Àwọn ìdílé kan kò lè san án. Àwọn mìíràn yá owó lórí ilé tuntun náà, báńkì sì gbà á lọ́wọ́ wọn.

Àwa tiwa, ilé pàápàá kì í tètè dé. Ní ọdún 1994, Super Eagles gba ife ẹ̀yẹ Áfíríkà ní Tùnísíà, ìjọba Abacha sì ṣèlérí ilé fún wọn. Ọdún 2022 ni Ààrẹ Buhari tó fọwọ́ sí i pé kí wọ́n fún àwọn tí kò tíì rí gbà ní ilé oníyàrá mẹ́ta. Ọdún 28. Rashidi Yekini ọmọ Irá, tó gbá bọ́ọ̀lù márùn-ún sáwọ̀n ní ìdíje yẹn, tí kò sẹ́ni tó gbá tó o, ìlú Ìbàdàn wa yìí ló kú sí ní oṣù karùn-ún 2012. Stephen Keshi tó jẹ́ kápúténì wọn kú ní 2016. Nínú ìṣirò tèmi, ìlérí náà ní ìnáwó. Ọmọ ọdún 25 tí wọ́n ṣèlérí ilé fún, ó lè má kọ́ ilé. Ó lè fi owó rẹ̀ ṣe nǹkan mìíràn, kó máa rò pé ti orùlé ti parí. Ní oṣù keje 2025, nígbà tí àwọn obìnrin wa, Super Falcons, gba ife tiwọn, Ààrẹ Tinubu ṣèlérí owó náírà tó tó dọ́là 100,000 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn agbábọ́ọ̀lù, àti ilé oníyàrá mẹ́ta. Inú mi dùn sí i. Mo kàn ń bẹ àwọn òbí wọn ni pé kí wọ́n má dá iṣẹ́ ilé tí wọ́n ń kọ́ dúró.

Ọ̀rọ̀ ẹbí, ẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ, n kò ní pẹ́ níbẹ̀. Fọ́tò tí wọ́n yà fún mi ní Ìkẹjà jáde nínú ìwé ìròyìn, èmi tí mo gbé fíríísà ni àwọn ẹbí rò pé mo gbé mílíọ̀nù. Àwọn olóríire tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ní tiwọn bọ́ lọ́wọ́ owó orí, ìjọba ibẹ̀ kì í gba kọ́bọ̀ lórí tẹ́tẹ́ oríire National Lottery. Ṣùgbọ́n èlé tí owó náà bá bí ní báńkì, wọ́n lè gba owó orí lórí ìyẹn. Bí olóríire bá sì pín owó ńlá fún àwọn ẹbí rẹ̀, tó wá kú kí ọdún méje tó pé, owó tó pín yẹn lè bọ́ sábẹ́ owó orí ogún. Ìyẹn ni pé ẹ̀gbọ́n tó fi ọwọ́ lílà pín owó lè fi gbèsè sílẹ̀ fún àbúrò láìmọ̀. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ yín ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù.

Àwọn tó ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ pé "o ti jẹ mílíọ̀nù márùn-ún, fi ₦20,000 ránṣẹ́ fún fọ́ọ̀mù," ọ̀rọ̀ tiwọn kò gba àlàyé. Àwọn àgbà ní ọ̀kánjúà àti olè, déédéé ni wọ́n jẹ́. Olè náà mọ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń wá ẹni tí yóò bá a dọ́gba. Ìjọba Nàìjíríà kì í gba owó orí sínú àkáǹtì ẹnì kan tó ń jẹ́ Mista Sunday. Bí ẹ kò bá ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ kò jẹ ohunkóhun.

Ìyá oníṣu kan tó jókòó níwájú nawọ́ sókè kí n tó parí. Ó ní, "Ọmọ mi, ṣé kí á má gba ẹ̀bùn mọ́ ni?" Mo ní rárá, Màmá. Bí ẹnì kan bá pè yín pé ẹ jẹ nǹkan, ẹ jó, kí ẹ tó wọ mọ́tò lọ gbà á, ẹ bi í pé ṣé mo lè gba owó dípò rẹ̀. Bí wọ́n bá fún yín ní ìdá méjì nínú mẹ́ta iye rẹ̀ lówó, ẹ gbà á, ẹ má wo ojú ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá ní rárá, ẹ bi wọ́n pé ta ni yóò gbé e délé, orúkọ ta ló wà lórí ìwé rẹ̀, iye wo ni wọ́n fẹ́ kọ sí i fún ìjọba. Ẹ má tíì sọ ọ́ nínú ìjọ.

Ó ní, "Kẹ̀kẹ́ ìta yìí ńkọ́?"

Mo ní, ẹ̀yin lẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ jẹ́ ká bi ara wa. Bí Màmá bá jẹ ẹ́, Màmá kì í gun kẹ̀kẹ́. Wọ́n á wá ọmọ tí yóò máa gùn ún, tí yóò máa mú owó wá lójoojúmọ́ tàbí tí kò ní mú un wá. Nọ́ńbà wà níbẹ̀, ìnṣọ́ránsì wà níbẹ̀, owó ẹgbẹ́ wà níbẹ̀, tíkẹ́ẹ̀tì gáréèjì láràárọ̀ wà níbẹ̀. Kò sí èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí nínú rìbọ́n pupa yẹn.

Alága kò bínú, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kí akápò pe ẹni tó ta kẹ̀kẹ́ náà fún wọn, kó bi í bóyá ó lè gbà á padà, kí wọ́n sọ ẹ̀bùn àkọ́kọ́ di owó. Akápò pè é níbẹ̀, ó sì gbé ohùn rẹ̀ sókè kí gbogbo wa lè gbọ́. Ọkùnrin náà ní òun á gbà á, kò sí wàhálà, ṣùgbọ́n kò ní jẹ́ iye tí òun tà á. Akápò ní, "Ọ̀gá, ọjọ́ mẹ́ta péré ni o, ẹnikẹ́ni kò tíì gùn ún!" Ọkùnrin náà ní òun mọ̀. Ó wá dárúkọ iye tí òun lè san, ilé sì pa rọ́rọ́.